Corolla 2005 mi ń pariwo níwájú: ẹnì kan ní shock ni, ẹlòmíì ní ráákì ni

AwakọMóníyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Corolla 2005 ni mò ń wà, ọ́tò ni, iwájú ẹ̀ ti ń pariwo láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rárá torí òun ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Tí mo bá wà lórí títì tó dán, ó máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Àmọ́ bí mo bá ti yà wọ àdúgbò wa báyìí, níbi tí ọ̀dà ti họ tí òkúta wẹ́wẹ́ ti yọrí, apá ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀: kọ́kọ́kọ́, kọ́kọ́kọ́, bíi pé wọ́n kó spánà sínú agolo. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni pé tí mo bá bọ́ sí kòtò gidi, ariwo yẹn kì í tó ti orí òkúta wẹ́wẹ́.

Ìyẹn nìkan kọ́ o. Tí mo bá fẹ́ páàkì, tí mò ń yí sítíárìn lójú kan, nǹkan kan á ṣe "gbìn!" níbẹ̀ yẹn, á sì ta dé ọwọ́ mi.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kàn fọwọ́ tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, ó ní shock méjèèjì ti kú. Èkejì wà á yí àdúgbò po, ó ní ráákì sítíárìn ni, irin tó ń yí táyà tí mo bá yí sítíárìn, kí n lọ wá tòkúnbọ̀ ẹ̀, owó tó sì pè ju owó ilé ìwé ọmọ lọ. Kò sí èyí tó wo abẹ́ mọ́tò nínú àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ wò kí n tó náwó?

Ọ̀gáAbẹ́Mọ́tò

Ẹ má tíì ra nǹkan kan o, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ mọ́tò ni mò ń ṣe, ohun tó sì máa ń dùn mí jù níbi iṣẹ́ yìí ni kí wọ́n máa fi owó onímọ́tò méfò. Ẹ ṣàlàyé ariwo yẹn dáadáa, torí ìgbà tí nǹkan bá ń dún la fi ń mọ ohun tó ń dún. Ariwo méjì lẹ kà fún wa yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan méjì ló bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ń ṣe kọ́kọ́kọ́. Stabilizer linkage ni mo fura sí. Ọ̀pá kékeré ni, òun ló so irin stabilizer mọ́ ara shock, orí ẹ̀ méjèèjì ní bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n fi rọ́bà bò kí gírísì má bàa jáde. Tí rọ́bà yẹn bá ti ya, omi àti iyanrìn á wọbẹ̀, gírísì á gbẹ, bọ́ọ̀lù á wá máa mì nínú ilé ẹ̀. Irin stabilizer yìí, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí mọ́tò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ́ ẹ bá ń yà, torí náà ìgbà tí táyà kan bá gòkè tí èkejì ò gòkè ló máa ń ṣiṣẹ́. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ohun tí táyà ọ̀tún ń ṣe kọ́ ni tòsì ń ṣe, wọ́n á máa fa linkage wọ́n á máa tì í láìdáwọ́ dúró, ibẹ̀ ló ti ń dún. Tí táyà méjèèjì bá jọ gun nǹkan pọ̀, irin yẹn á kàn yí lójú ibi tó wà ni, linkage ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí wàhálà.

Ẹ lè fúnra yín dán èyí wò láìsan kọ́bọ̀. Ẹ wá bọ́ńpù kan ládùúgbò, ẹ fi táyà méjèèjì gùn ún pọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ padà, kẹ́ ẹ wá fi táyà ọ̀tún nìkan gun etí ẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tẹ́ ẹ fi táyà kan gùn ló pariwo, linkage ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ dì mú.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dì í mú gan-an ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń rò pé ó dáa nígbà tí kò dáa. Wọ́n á fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, táyà yẹn á sọ̀ kalẹ̀, irin stabilizer á lọ́, á fa linkage le pinpin, wọ́n á mì ín títí kò ní mì. Kí táyà méjèèjì wà nílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé iwájú méjèèjì pọ̀ kí wọ́n sì fi stand tì í, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ yí sítíárìn sápá kan, ẹ nawọ́ sẹ́yìn táyà, ẹ di ọ̀pá yẹn mú ṣinṣin kẹ́ ẹ jà á gidi. Tó bá ti jẹ, ẹ ó gbọ́ kọ́kọ́kọ́ yẹn gan-an lọ́wọ́ yín.

Èyí tó ń ṣe gbìn lójú kan, shock mounting ni mo fura sí. Lókè shock, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bíárìnì pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí spring bá táyà yí. Tó bá ti dípẹtà, spring ò ní yí mọ́, á máa lọ́ra ẹ̀ pọ̀, tó bá wá le jù á já padà. Kẹ́nì kan máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀, kẹ́yin fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara spring láti ìta, ẹ má ki ìka bọ àárín ẹ̀ o. Tó bá ń dúró, tó ń dúró, tó wá ta pàrà sí yín lọ́wọ́, mounting nìyẹn.

Ráákì tó jẹ, sítíárìn ẹ̀ máa ń ní àyè, ẹ ó yí i díẹ̀ táyà ò ní tíì dáhùn, tàbí kẹ́ ẹ rí epo sítíárìn tó ti jò sínú rọ́bà ẹ̀. Ẹ wo ìyẹn kẹ́nikẹ́ni tó gbowó ráákì lọ́wọ́ yín. Shock tó ti kú náà, epo sábà máa ń ṣàn sára ẹ̀, mọ́tò á sì máa jó lọ jó bọ̀ lẹ́yìn kòtò. Ọwọ́ téèyàn fi tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì ò lè sọ ohun tí linkage ń ṣe.

ÌyáÌbejì_BigDaddy

Ọ̀gá ti sọ ọ́ ire, mo kàn fẹ́ fi díẹ̀ kún un ni. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi ń ná pẹ̀lú Camry mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tójú mọ́tò ń rí níbẹ̀. Nígbà tí tèmi ń ṣe kẹ́kẹ́kẹ́, ẹnì kan ló ní kí n rọra fẹsẹ̀ kan bíréèkì bí mo ṣe ń lọ lórí gbágungbàgun, pé tó bá dákẹ́, pádì ló ń mì nínú caliper (irin tó di pádì bíréèkì mú), tó bá ṣì ń dún, ká wá ibòmíì. Bí mo ṣe kàn án báyìí ló dákẹ́. Pin caliper ló ti jẹ, owó kékeré la fi tún un ṣe.

Èyí tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má fi ṣeré ni ball joint, oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ apá irin ìsàlẹ̀. Linkage lè já kẹ́ ẹ ṣì délé, ball joint ò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti fojú mi rí i ní ìkóríta kan, mọ́tò yẹn ò sáré rárá, ó kàn ń yà ni, ẹsẹ̀ iwájú kan ká sábẹ́, táyà dùbúlẹ̀ sínú féndà, Ọlọ́run ló yọ wọ́n pé wọn ò tíì bọ́ sí express. Ẹ ní kí wọ́n gbé táyà kúrò nílẹ̀, kí wọ́n di òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú, kí wọ́n fà á kí wọ́n tì í, tó bá ń mì, ball joint tàbí bíárìnì táyà ni kí wọ́n wò. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì táyà ni wọ́n dì mú tó ń mì, tie rod ni, ọ̀pá tó so ráákì mọ́ táyà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo èyí kẹ́ ẹ tó gbé àwọn ọmọ jáde lọ́la.

Ọ̀gáAbẹ́Mọ́tò

Òótọ́ lẹ sọ mà, ẹ ṣeun. Kí n fi kún ti ball joint yẹn: lórí Corolla, ara shock ni spring jókòó sí, ball joint kọ́ ló ru ẹrù mọ́tò, torí náà a lè mi táyà kí àyè inú ẹ̀ má hàn. Kí wọ́n ki irin gígùn sábẹ́ lower arm, apá irin ìsàlẹ̀ yẹn, kí wọ́n fi gbé e sókè kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sódò, kẹ́nì kan máa wo ojú ball joint. Irin yẹn kan náà ló máa fi bùṣì lower arm, rọ́bà tó wà níbi tí wọ́n ti dè é, hàn tó bá ti ya. Bùṣì tó ya máa ń ṣe "gbòó" lẹ́ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Tó bá jẹ́ pé ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, mọ́tò ò rìn, ẹ kàn ti gíà R bọ́ sí D tó wá ṣe gbòó, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fò, engine seat nìyẹn, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé.

Fún ẹlòmíì tó bá ka èyí: ta-ta-ta-ta tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn dópin tẹ́ ẹ sì ń tẹ tòtù, CV joint ni, oríkèé tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà iwájú. Hùùùn tó ń ròkè bí eré ṣe ń pọ̀, bíárìnì táyà. Wíìììn tẹ́ ẹ bá ń yí sítíárìn, ẹ wo epo sítíárìn bóyá ó ti lọ sílẹ̀.

AlátẹSpare

Èmi ń ta ọjà yìí, mo fẹ́ ẹ sọ ohun táwọn kan ò ní sọ fún yín. Tòkúnbọ̀ dáa fún irin, kò dáa fún rọ́bà àti bọ́ọ̀lù. Linkage, ball joint, mounting, bùṣì, ẹ ra tuntun, torí rọ́bà tó ti lo ọdún gbọọrọ lábẹ́ mọ́tò ẹlòmíì ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ wo gígùn wọn. Ẹ fọwọ́ yí bọ́ọ̀lù ẹ̀ wò: èyí tó dáa máa ń le díẹ̀, á máa yí pẹ̀lú agbára, ibi tẹ́ ẹ bá sì fi í sí ló máa dúró. Èyí tó bá ṣubú wọ̀ọ̀ fúnra ẹ̀, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, inú páálí ló wà ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ti jẹ.

AwakọMóníyà

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti lọ sí bọ́ńpù. Táyà méjèèjì pọ̀, kò dún. Táyà ọ̀tún nìkan, kọ́kọ́kọ́! Mo di linkage mú bí ọ̀gá ṣe wí, ó ń mì wọrọwọrọ, rọ́bà ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti ya tán. Ìyàwó mi bá mi yí sítíárìn, mo fọwọ́ kan spring ọ̀tún, ó ta sí mi lọ́wọ́, tòsì ń yí jẹ́jẹ́ ní tiẹ̀. Ball joint ò mì, wọ́n fi irin gbé e wò lójú mi. Sítíárìn ò láyè kankan, ráákì gbẹ. Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé ọ̀tún nìkan ni kí n pààrọ̀, ṣé màá sì ṣe alignment, kí wọ́n to táyà kó dọ́gba?

Ọ̀gáAbẹ́Mọ́tò

Linkage, ẹ pààrọ̀ méjèèjì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ rìn, tòsì ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Tí nọ́ọ̀tì ẹ̀ bá ń yí tí ọ̀pá ń bá a yí, kí wọ́n fi allen key di àárín ẹ̀ mú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi chisel lù ú. Mounting náà, tówó bá wà ẹ ṣe méjèèjì, tí kò bá sí, ẹ ṣe ọ̀tún ná.

Ibi mounting yìí ni kẹ́ ẹ ti dúró ti mẹkáníìkì. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi spring compressor fún spring kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì àárín shock, torí spring tó wà níbẹ̀ lágbára débi tó lè pa èèyàn tí wọ́n bá tú u lásán. Tí ọmọṣẹ́ bá fẹ́ fi okùn tàbí wáyà dè é, ẹ gbé mọ́tò yín kúrò níbẹ̀. Tó bá sì di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe bùṣì lower arm, kí wọ́n má fún bólùtì ẹ̀ dópin nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò ṣì ń rọ̀ sókè, kí wọ́n jẹ́ kí mọ́tò fi ìwúwo ẹ̀ jókòó sílẹ̀ ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ́bà ẹ̀ á ti lọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì ní pẹ́ ya.

Linkage nìkan ò nílò alignment. Àmọ́ torí pé shock máa jáde, bólùtì méjì tó dè é mọ́ ẹsẹ̀ táyà lè má jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ lọ ṣe é. Nọ́ọ̀tì táyà, agbára 103 Nm ni wọ́n fi ń fún ti Corolla yìí, ẹ ní kí wọ́n tún un fún lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti wà á díẹ̀.