Bátìrì kámpà tuntun ni mo rà, iná ò tàn, ẹ gbà mí o

Bàbá Katy: Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi gan-an ni. Kámpà, ilé kékeré onítáyà tí mo máa ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi yìí, ìyàwó mi ti ní kí n tà á ká fi owó ẹ̀ kan òrùlé ilé Ìjẹ̀bú, mi ò dá a lóhùn. Galveston là ń lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn ọmọ ti di ẹrù, àna mi wọ bàálù wá láti Maryland, òun ló tún ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bátìrì àtijọ́ kú, mo ra tuntun lówó gọbọi, iná ò tàn, fáànù ò yí, ẹni tó tà á ní òun ò gbà á padà. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o. Tiwa, omi ẹ̀rọ lọkọ mi ń bù sí i dípò omi bátìrì, ó sì ń bá gbogbo ayé jà.

Ọmọ Èkó: Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Tó bá kún, bíi 12.6 volt ni, tó bá ti dé 12.0 ó ti tó àbọ̀. Ṣé deep cycle ni, èyí tó ń gbé iná jẹ́jẹ́ fún ìgbà pípẹ́, àbí ti mọ́tò?

Bàbá Katy: Deep cycle ni, 12.7 ni mítà sọ. Èmi kì í ṣe ọmọdé.

Akin T: Ẹ ra bátìrì lithium kẹ́ ẹ sinmi.

Ọmọ Èkó: Akin, má fowó olówó ṣeré, kòǹfátà àtijọ́, ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di ti bátìrì, kì í gba agbára sí lithium kó kún. Bàbá, tẹ́ ẹ bá so kámpà mọ́ iná ilé ńkọ́?

Bàbá Katy: Ó ń tàn. Mo so bátìrì dáadáa, dúdú sí négátíìfù, funfun sí pọ́sítíìfù, bíi ti mọ́tò, àfi pé ó ta pàrà lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ Èkó: Yéè! Nínú ọ̀pọ̀ kámpà Amẹ́ríkà, dúdú ni pọ́sítíìfù, funfun ni négátíìfù, òun ló ń lọ sára férémù, irin ìsàlẹ̀ kámpà! Ẹ yọ ọ́ kíá, kẹ́ ẹ yọ wáyà iná ilé náà. Ẹ tọ wáyà funfun yẹn dé férémù kó dá yín lójú. Fíúsì reverse polarity tó wà nínú páálì, èyí tó máa ń jó tí wọ́n bá so bátìrì lódì, ló ti jó, 30 àbí 40 amp ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Iye amp kan náà ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ o.

Bàbá Katy: Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń tún mọ́tò ṣe.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kàn lọ wò ó ná, ẹ̀yin ọkùnrin!

Bàbá Katy: Fíúsì méjì ló wà níbẹ̀, méjèèjì ti jó. Níbo ni mo ti lè rí i rà lálẹ́ yìí?

Ọmọ Èkó: Ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan mọ́tò, fíúsì mọ́tò lásán ni. Tẹ́ ẹ bá ti so bátìrì padà bó ṣe yẹ tán, ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì, tí ò bá dún, ẹ pààrọ̀ òun náà kẹ́ ẹ tó kó ọmọ sùn síbẹ̀.