"This" àti "these": ibo ni àṣìṣe ti ń wọlé?

Ìyá Òmù-Àrán: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà. Àwọn ọmọ JSS 1 ń kọ "this three yams" àti "these news". Báwo la ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ kó yé wọn?

Tíṣà Ìlọrin: Ẹ kú ìbéèrè, mà. Èdè wa ló ń fà á. "Iṣu mẹ́ta yìí" tọ̀nà ní Yorùbá, torí "iṣu" kì í yí padà. "Mẹ́ta" nìkan ló ń sọ iye. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀: "yam" á di "yams", "this" náà á di "these". Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, kí wọ́n wò ó bóyá ẹyọ ni àbí ọ̀pọ̀. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n wo ọ̀rọ̀-ìṣe: "this is", "these are". Ẹ ṣọ́ "news" o! "S" ló gbẹ̀yìn rẹ̀, àmọ́ "this news" ni. "Rice" àti "information" náà, "this" ni.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ má gbàgbé ohùn. Yorùbá ò ní ìró "z", ìdí nìyẹn tí "these" fi ń dún bí "this" lẹ́nu wa, ọmọ á sì kọ ohun tó gbọ́. Ẹ fa fáwẹ̀lì "these" gùn, kí ìparí rẹ̀ gbọ̀n bí ìbẹ̀rẹ̀ "zoo".

Ìyá Òmù-Àrán: Ẹ ṣé gan-an. "This my bag" ńkọ́?

Tíṣà Ìlọrin: Kò tọ̀nà, mà. "Báàgì mi yìí" ni wọ́n ń túmọ̀. "This" àti "my" kì í jọ ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ kan náà. "This bag of mine" ni.