Òògùn dókítà àti mọ́tò wíwà nílùú ọba

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yìn ń dùn mí, dókítà wá kọ co-codamol, òògùn ìrora, àti diazepam, òògùn tó ń dẹ iṣan, fún mi. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, mọ́tò ni mo sì fi ń lọ tí mo fi ń bọ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní tí ọlọ́pàá bá dá mi dúró, láísẹ́ǹsì mi lọ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Lánre (Manchester): Ẹ pẹ̀lẹ́, ara á yá. Ẹ má dá a lóhùn. Dókítà ló kọ ọ́, ẹ ṣáà ti mú ìwé rẹ̀ dání.

Fọláṣadé, apòògùn (Birmingham): Ẹ̀gbọ́n Lánre, ẹ má bínú, ó kù díẹ̀ káàtó. Òfin méjì ló wà. Àtijọ́ sọ pé tí òògùn bá ti ń da awakọ̀ láàmú, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ì báà jẹ́ Piriton tá a rà torí ara yíyún. Tuntun bẹ̀rẹ̀ ní England àti Wales lóṣù kẹta ọdún 2015, Scotland ní 2019. Ìyẹn fi gbèdéke sí òògùn inú ẹ̀jẹ̀: diazepam, 550 microgram nínú lítà kan, morphine, 80. Codeine inú co-codamol sì máa ń di morphine lára. Òfin tuntun yìí ni ìwé dókítà lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀, tẹ́ ẹ bá lò ó bí wọ́n ṣe ní kẹ́ ẹ lò ó, tí ojú yín sì dá. Tẹ́ ẹ bá ń tòògbé, ìwé ò ràn yín lọ́wọ́.

Kúnlé (Luton): Tákísì ni mò ń wà, wọ́n ń dá wa dúró dáadáa. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má tú àpò kiri. Itọ́ tí wọ́n ń gbà lẹ́nu, igbó àti kokéènì ló ń wá. Tí wọ́n bá fura sí òògùn míì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dijú kẹ́ ẹ fọkàn ka ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ rìn lórí ìlà, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ kan dúró, kẹ́ ẹ fìka kan imú. Ẹ yáa tètè sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sókè! Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á gbà. Ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí ti dá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn.

Fọláṣadé: Ohun tó ń bí mi nínú ni òògùn inú ọ̀rá. Valium, ìyẹn diazepam, tí àǹtí fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, orúkọ ò sí lára ẹ̀. Tàbí ká ní "fún mi níkan nínú tìẹ" níbi iṣẹ́. Ẹni tó lo òògùn ẹlòmíì ò ní àwíjàre kankan. Kóòtù á gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ fún ọdún kan, ó kéré tán. Páálí tí wọ́n kọ orúkọ yín sí ni kẹ́ ẹ fi sínú mọ́tò. NHS App, áàpù ìlera ìjọba lórí fóònù, náà á fi hàn. Ìyá Ìbejì, diazepam máa ń pẹ́ lára gan-an. Ẹ má wakọ̀ títí ẹ ó fi mọ bó ṣe ń ṣe yín.

Lánre: Mo gbọ́ o, àbúrò. Èmi tí mò ń gún insulin torí àtọ̀gbẹ ńkọ́?

Fọláṣadé: Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, tí wọn ò bá gbọ́, owó ìtanràn lè tó £1,000. Ẹ yẹ ṣúgà wò láàárín wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó wakọ̀, tí ọ̀nà bá sì jìn, ẹ tún un yẹ̀ wò ní wákàtí méjì-méjì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun gan-an ni. Bọ́ọ̀sì ni mo máa wọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ta ló ń gba Harehills kọjá lálẹ́?