Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìṣirò ibà yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìṣirò bí ibà ṣe ń ràn ni mò ń ṣe ní yunifásítì, ní ìlànà tí Ronald Ross, dókítà tó fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri, fi lélẹ̀ ní 1911. Àkọsílẹ̀ aláìsàn oṣù 36 láti ilé ìwòsàn kan ni mo ní lọ́wọ́. Òjò tiẹ̀ ti pa ojú ìwé mélòó kan. Bí ẹ̀fọn ṣe ń jẹni tó àti bó ṣe ń tètè kú ló lọ́ mọ́ra wọn: bí mo bá fi kún méjèèjì pọ̀, ìlà tí kọ̀ǹpútà ń fà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Mo ti yá iye látinú ìwádìí ẹlòmíì, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹ̀fọn ibòmíì kọ́ ni tiwa.

Ṣé kí n fara mọ́ iye tí mo yá ni, àbí kí n dúró de òjò, kí n lọ mú ẹ̀fọn fúnra mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ gùn. Mo dúpẹ́ ṣíwájú.