Omi ẹ̀rọ wa ń ba gbogbo ohun tí ń mú omi gbóná jẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbé wá. Láti ìgbà tí a ti kó dé ilé tí a wà yìí, omi ẹ̀rọ mọ́ gaara, kò rùn, kò sì láwọ̀. Ṣùgbọ́n inú kẹ́tùlù wa ti funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Tí mo bá fi èékánná họ ọ́, á bó ní pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Ihò abẹ́ áyọ́ọ̀nù ti dí, ó ń tutọ́ funfun sára aṣọ dúdú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni irin tó ń mú omi gbóná nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ jó. Ẹni tó wá tún un ṣe yọ ọ́ síta fún mi, èépá ti bò ó débi pé n ò rí irin náà mọ́. Ó ní omi wa ló fà á. Mo ti ń fi álọ́ọ̀mù sínú àgbá omi, n ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kò sì ní ṣe àwọn ọmọ mi ní nǹkan?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Omi líle ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Kí ẹ tó náwó sí i, ẹ dán an wò. Ẹ wá ìgò méjì tó ní ìdérí, ẹ bu omi òjò sí ọ̀kan, kí ẹ bu omi ẹ̀rọ sí èkejì. Ẹ gé ọṣẹ ẹyọ wẹ́wẹ́ sí i, kí iye rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wá mì wọ́n. Ẹ má lo ọṣẹ oníyẹ̀fun, torí wọ́n ti po nǹkan tó ń rọ omi mọ́ ọn.

Bàbá Olùkọ́: Ìdánwò yẹn dára. Omi òjò rọ̀ nígbà tó ń bọ̀ látòkè. Ìgbà tó bá gba inú òkúta ẹfun kọjá ló máa ń yọ́ calcium àti magnesium, àwọn èròjà inú òkúta, mọ́ra. Omi náà á ṣì mọ́ lójú, torí wọ́n ti yọ́ pátápátá. Tí omi bá wá gbóná, gáàsì tó ń jẹ́ kí wọ́n yọ́ á fò lọ, calcium á sì di ẹfun, á lẹ̀ mọ́ ibi tó gbóná jù, ìyẹn irin yẹn. Ẹfun kì í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa. Bó bá ti nípọn, irin á máa gbóná sí ara rẹ̀ títí á fi jó. Ìdí nìyẹn tí kẹ́tùlù fi ń pẹ́ kó tó hó.

Álọ́ọ̀mù tí ẹ ń fi sí i, ẹrẹ̀ ló ń mú rìlẹ̀. Kò lè mú ohun tó ti yọ́. Ní ti àwọn ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fi òdiwọ̀n kankan lélẹ̀ fún líle omi nítorí ìlera, ara pàápàá nílò calcium àti magnesium. Tí ẹ bá gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, èyí tí líle rẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹfun (calcium carbonate) wọ̀n, kò ju mílígíráàmù 60 lọ nínú lítà kan rọ̀; tó bá ti ju 180 lọ, ó le gan-an.

Púlọ́mbà Àgbà: Àǹtí, ẹ da fínígà àti omi ní ìdajì-ìdajì sínú kẹ́tùlù, ẹ sè é, kí ẹ pa á, kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ fi omi lásán sè é lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí fínígà àti bílíìṣì pàdé! Gáàsì tó máa jáde lè pa ènìyàn. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná fún ilé ìwẹ̀, ẹ má yí i kọjá 60°C, torí bí omi bá ṣe gbóná tó ni ẹfun ṣe ń pọ̀ tó. Tó bá ń dún pọ́ pọ́ pọ́, ẹfun ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Àbíkẹ́: Ẹ kúkú ra ẹ̀rọ tó ń fi iyọ̀ rọ omi, kí ẹ sinmi.

Bàbá Olùkọ́: Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, Àbíkẹ́, ṣùgbọ́n sodium, èròjà inú iyọ̀, ló ń fi rọ́pò calcium. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n ń mu ní ilé ìdáná kó má gba inú rẹ̀ kọjá, pàápàá tí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà nílé.

Ìyá Ìbejì: Áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Ẹ máa da omi tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ nù lẹ́yìn tí ẹ bá lọṣọ tán. Ibi tó ń gbẹ sí ló ń di ẹfun.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti mi ìgò méjèèjì. Ti omi òjò hó dé ọrùn. Ti omi ẹ̀rọ kò hó rárá, ńṣe ló dì bíi wàrà tó bàjẹ́. Mo da fínígà sí kẹ́tùlù, ó ń hó yẹ́ẹ́ kí n tó tan iná. Nígbà tí mo dà á nù, mo rí irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń dán, èyí tí n kò rí láti ọjọ́ yìí wá. Púlọ́mbà Àgbà, ẹ̀rọ ilé ìwẹ̀ wa ń dún bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ṣé èmi fúnra mi lè tú u, àbí kí n dúró de oníṣẹ́?

Púlọ́mbà Àgbà: Ẹ dúró de oníṣẹ́. Iná àti omi ló wà nínú rẹ̀. Ẹ pa iná rẹ̀ báyìí títí ó fi máa dé.