Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo Descendants of the Sun, ta ló ti fẹ́ sójà tàbí dókítà rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Tádé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ eré Kòríà ni mo gbé wá. Descendants of the Sun ti pẹ́, mo mọ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é lórí KBS2, tẹlifíṣọ̀n kan ní Kòríà, láti oṣù Kejì wọ oṣù Kẹrin, ìpín 16. Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló tún tàn án nínú ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni gbogbo wa bá jókòó tì í bí ẹni tí ò wò ó rí.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Yoo Si-jin ni kápútéènì sójà, ikọ̀ àwọn tí wọ́n máa ń rán lọ síbi tó le ló wà. Kang Mo-yeon ni dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Seoul. Olè kan tó jí fóònù ló sọ wọ́n di ojúlùmọ̀. Wọ́n fi àdéhùn sí i, fóònù ọ̀gá dún, hẹlikópítà wá gbé e lórí òrùlé ọsibítù, ó di gbéré. Wọ́n tún fi òmíràn sí i, wọ́n ti jókòó ní sinimá, fíìmù ò tíì bẹ̀rẹ̀, fóònù tún dún. Obìnrin náà wá là á fún un pé ẹ̀mí èèyàn lòun ń du lójoojúmọ́, iṣẹ́ tìrẹ sì ní ikú nínú, kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti wá pàdé ara wọn lẹ́yìn náà ní Uruk, orílẹ̀-èdè tí àwọn tó kọ eré fi ọgbọ́n orí dá, lọ̀rọ̀ ti dùn.

Ta ló ti gbé irú ayé yìí nínú yín? Tèmi kéré. Dókítà kan ń dẹnu kọ mí nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ó mú mi lọ sí búkà, ó bu òkèlè àmàlà, ọwọ́ rẹ̀ ti wọnú ewédú, ló bá sùn lọ. Kò sùn fún ẹ̀ẹ̀kan náà láti àná. Mo mú ẹran inú abọ́ rẹ̀ jẹ, mo jókòó dè é kó jí. Ó jí, ó wo abọ́, kò béèrè. A ò fẹ́ra ṣá.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ìyá Tádé, ẹ ò ṣe nǹkan tó dáa fún dókítà yẹn o. 😂

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní yàrá pàjáwìrì, bí mo bá sì ń wo eré dókítà, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ta ló ń kun ètè níbi tí ilẹ̀ ti ń mì? Ṣùgbọ́n ìpín tí ilẹ̀ ti mì ní Uruk yẹn, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ méjì há sábẹ́ àwókù kan náà. Bí wọ́n bá gbé kọnkéré kúrò lórí ọ̀kan, yóò tẹ ìkejì pa. Si-jin yíjú sí dókítà pé òun ló máa sọ èwo ni kí wọ́n yọ. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí àkókò. Ó sọ.

Ọsibítù ìjọba kan tí mo ti ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n kó àwọn tí ọkọ̀ wọn dànù lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dé lóru. Sìlíńdà ọ́síjìn kan ṣoṣo ló ní nǹkan nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ wọ́ọ̀dù ìjọba, ẹ mọ irú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi báńdéèjì so sípánà mọ́ lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e lọ. Ọwọ́ aago orí rẹ̀ ti ń wọ ojú pupa. Ìyá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọkùnrin kọndọ́ ọkọ̀ náà wà nílẹ̀ lórí rọ́bà, èémí àwọn méjèèjì ń ṣe hìì, hìì. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kéré sí ọmọ mi àkọ́kọ́. Ó wo ìyá, ó wo ọmọkùnrin, ó wo ìyá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà, ó ní kí n yí sípánà. Ìyá náà kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà táwọn ọmọ rẹ̀ dé, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n ń pe dókítà náà kí wọ́n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà. Kò jáde. Yàrá tí a ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí ló wọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Lee Chi-hoon ló ká mi lára jù nínú eré náà, kì í ṣe Mo-yeon. Òun ni dókítà kékeré tí ìyàwó rẹ̀ lóyún nílé, tó sá jáde nígbà tí ilẹ̀ tún mì, tó fi òṣìṣẹ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ àwókù. Wọ́n yọ òṣìṣẹ́ náà láàyè, Chi-hoon ò sì lè gbójú sókè wò ó. Àwọn tá a jọ ń wò ó ń bú u. Mo ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Ẹni tí òrùlé ò tíì ké lé lórí rí, kó má tíì sọ pé òun ò ní sá.

Ìyàwó Sójà

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Èmi, sójà ni mo fẹ́. Ọkọ mi ti lọ sí Maiduguri, ó ti lọ sí Damboa, ó ti lọ síbi tí kò lè sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Nínú eré yẹn, bí Si-jin bá ń lọ síṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ sọ, á ní ilé ìtajà ńlá lòun ń lọ, dókítà á ti mọ̀. Tiwa ò ní àwàdà nínú. Ọkọ mi á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí kì í béèrè: ṣé mo ti san owó ilé ìwé, ṣé táyà mọ́tò ṣì dáa. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ṣé orúkọ ilé wa lo fi sí báńkì àbí orúkọ bàbá ẹ?" Mo ní kí ló dé. Ó ní fọ́ọ̀mù kan lòun ń kọ. Mo pe lẹ́tà rẹ̀ fún un níkọ̀ọ̀kan, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Nígbà tí fóònù gé, oníbàárà kan ti ń pè mí pé kí n fóun ní ṣéńjì, mi ò tiẹ̀ gbọ́.

Ẹ ò rí i, ibi tí Mo-yeon ti ń ka lẹ́tà tí Si-jin kọ sílẹ̀, bóyá òun ò ní padà, mi ò lè wò ó. Mo jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Wọ́n ké sí mi pé wọ́n ní ó ti kú. Nígbà tó yá wọ́n tún ké sí mi pé kò kú mọ́, ó ń rìn bọ̀ láti inú aṣálẹ̀. Ẹ má bínú, ibẹ̀ yẹn bí mi nínú. Ìyàwó sójà mélòó ló mọ̀ pé bí àwọn ọ̀gá bá ti wá jókòó sí pálọ̀ rẹ pẹ̀lú fìlà wọn lórí orúnkún, ọ̀rọ̀ ti tán? Wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré jù.

Ọkọ mi ní tiẹ̀ fẹ́ràn eré náà. Ó ní Song Joong-ki, ẹni tó ṣe Si-jin, mọ sálúùtù, pé ẹni tó bá wọ aṣọ ogun rí lèèyàn lè mọ̀ ọ́n. Àṣé lóòótọ́ ni. Iṣẹ́ ogun tó pọn dandan fún ọkùnrin Kòríà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, eré yìí ló sì kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Dérìn

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ro tiwa náà. Ìyàwó mi wo eré yìí tán, ó wá ń wò mí bí ẹni tó ra ọjà tí kò jọ àwòrán ara páálí rẹ̀. Níbi tí Si-jin ti bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ tó ń so okùn bàtà dókítà, ó dá eré dúró, ó yíjú sí mi. Sálúbàtà ló wọ̀! Kí ni kí n so?

Ẹ ò tiẹ̀ rí ìpolówó ọjà tó wà nínú ẹ̀ ni? Búrẹ́dì Subway lónìí, jínsẹ́ǹgì, àgbo àwọn ará Kòríà, lọ́la. Sójà tó wà lójú iṣẹ́ ń fa jínsẹ́ǹgì mu nínú ọ̀rá! Ti Seo Dae-young, sájẹ́ǹtì ọ̀rẹ́ Si-jin, ló wá ga jù: ó tẹ bọ́tìnì kí mọ́tò máa wa ara ẹ̀ lọ, òun ń fẹnu ko Myung-ju, ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀, lẹ́nu lórí títì. Ẹ lọ dán an wò ní Ọjọ́ta, kẹ́ ẹ rí ohun tí awakọ̀ dáńfó máa pè yín. Síbẹ̀ náà, alẹ́ ọjọ́ tó parí, 38.8 nínú ọgọ́rùn-ún ilé ni Nielsen, àwọn tó ń ka iye tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, kà fún un ní Kòríà. Ó jọ pé wọ́n fẹ́ràn mọ́tò yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Bàbá Dérìn, ẹ ò ní pa mí. 😂😂 Sálúbàtà!

London ni mo wà. Uruk ò sí lórí máàpù, ṣùgbọ́n erékùṣù Zakynthos wà ní Gíríìsì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya ibi tí Si-jin fi ọkọ̀ ojú omi gbé Mo-yeon lọ sí etíkun funfun tí ọkọ̀ ńlá kan fọ́ sí. Navagio ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ti eré, ojúlówó ni, Panagiotis lorúkọ rẹ̀, ọdún 1980 ló forí sọlẹ̀ síbẹ̀. Si-jin ní ẹni tó bá mú òkúta níbẹ̀ yóò tún padà wá. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà níbi iṣẹ́ bá ń tọ́jú owó pé ó di dandan ká mú òkúta tiwa.

A débẹ̀, awakọ̀ ní òun ò ní gúnlẹ̀. Òkè tó yí etíkun náà ká ti ya lulẹ̀ ní 2018, ó ṣe àwọn èèyàn léṣe, ìjọba ti wá fòfin de títẹ ibẹ̀. Àárín omi la dúró sí, ọkọ̀ ń jù wá sókè sódò, ọ̀rẹ́ mi ń bì, èmi ń ya fọ́tò. Àmọ́ wọn ò fi àwọ̀ omi yẹn purọ́, bó ṣe rí nínú eré ló rí. Àwọn ìyá méjì láti Kòríà wà nínú ọkọ̀ wa, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin Always tí Yoon Mi-rae kọ sínú eré náà. A ò gbọ́ èdè, ohùn rẹ̀ la mọ̀, a bá a gbè é.

Àgọ́ àwọn sójà ní tiẹ̀, Kòríà náà ni, ní Taebaek, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú tẹ́lẹ̀. Wọ́n ya gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó fi ìpín kìíní hàn. Nígbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń yà á ni wọ́n sábà máa ń fi í hàn lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ gbé tèyí jáde ní Ṣáínà lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá Tádé

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì tó ṣe Si-jin àti Mo-yeon fẹ́ra wọn lóde eré?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Òótọ́ ni, mọ̀mí. Oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Wọ́n kọ ara wọn ní 2019. Ẹ má bi mí nídìí, mi ò gbé lọ́dọ̀ wọn.

Dókítà Obìnrin

Mo ti ń ka tiyín látàárọ̀. Ẹ kàn ń dárúkọ Myung-ju àti Dae-young kọjá ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ni eré yẹn lójú tèmi. Myung-ju jẹ́ dókítà sójà, lẹfutẹ́náǹtì, ọmọ ọ̀gágun. Dae-young, sájẹ́ǹtì. Kò sí ohun tí kò mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àfi kó ní ipò. Bàbá ọmọ ń fẹ́ Si-jin fún ọmọ rẹ̀, ó wá ń fi àṣẹ gbé Dae-young kiri kó lè jìnnà sí i. Nígbà tó tiẹ̀ máa gbà, ó ní kó bọ́ aṣọ ogun, kó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹbí wọn.

Dókítà ni mí, sájẹ́ǹtì ló ń fẹ́ mi. A mọ ara wa lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọ̀gá rẹ̀ wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Àwọn yòókù ń pariwo, òun ló ti fi pákó méjì àti bẹ́líìtì di ẹsẹ̀ náà lójú ọ̀nà, ó dì í débi pé mi ò tú u títí wọ́n fi ya fọ́tò egungun. Mo bi í ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Iṣẹ́ ni, mà." Ó pè mí ní mà títí tí mo fi ní tó bá tún pè mí ní mà, mi ò ní gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Bàbá mi kì í ṣe sójà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ọjọ́ tó wá kí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n bi í ní ìlú rẹ̀, wọ́n bi í ní ilé bàbá rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ mọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan. Mo ti ń yọ̀. Wọ́n wá ní, "Ipò wo lo wà lẹ́nu iṣẹ́?" Ó ní, "Sájẹ́ǹtì, sà." Bàbá mi bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń fi etí agbádá nù ún. Wọ́n nù ún, wọ́n nù ún. Màmá mi bá ní ẹ jẹ́ ká jẹun.

Ní báyìí, wọ́n ní kó lọ di ọ́físà ná kó tó wá tọrọ ọmọ. Òun ní iṣẹ́ tóun mọ̀ lòun ń ṣe. Èmi wà láàárín.

Ìyàwó Sójà

Àbúrò mi, àwọn sájẹ́ǹtì ló ń gbé iṣẹ́ ogun dúró, kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá. Ṣùgbọ́n kí ìwọ náà kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá sun ilé.

Bàbá Dérìn

Dókítà, ẹ ò ṣe tan eré náà fún bàbá yín? Kí wọ́n fojú ara wọn rí Dae-young.

Dókítà Obìnrin

Mo tàn án, sà. Wọ́n wo gbogbo rẹ̀ tán, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí i sí ìròyìn. Mo bi wọ́n ta ni wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gágun, pé òun nìkan ni orí rẹ̀ pé nínú gbogbo wọn.