Pọtásíọ̀mù mi lọ sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé pọtásíọ̀mù mi (èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀) jẹ́ 3.1 mmol/L, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 3.5, ó kéré tán. Iṣan ẹsẹ̀ mi máa ń sún kì lóru, oògùn pọtásíọ̀mù tí wọ́n fún mi sì ń da inú mi rú. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má ṣe lọ oògùn náà kúnná, nítorí wọ́n sábà máa ń ṣe é kí ó lè máa yòrò díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn. Odidi ni kí ẹ gbé e mì lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú ife omi kíkún.

Ìdáhùn kejì: Bí ẹ bá ń lo oògùn tí ń mú ni tọ̀, ó lè jẹ́ òun ló ń gbọ́n pọtásíọ̀mù yín dànù. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ magnésíọ̀mù yín, èròjà mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, wò pẹ̀lú.

Ìdáhùn kẹta: Ẹ má fi kún oògùn náà fúnra yín o, nítorí àpọ̀jù pọtásíọ̀mù lè dá ọkàn dúró.